Ọmọrogùn Tí Mo Gbé Lọ sí Àgídìngbì

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn pọ̀, ẹ̀wà ni Fọlákẹ́ ìyàwó mi ń ṣà. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, atẹ wà lórí itan rẹ̀, ó ń da èyí tí ó ti ṣà sí apá kan, ó ń fi ọwọ́ gbá ìyókù jọ sí apá kejì. Ó béèrè bóyá mo ti ti fèrèsé yàrá àlejò nítorí òjò. Mo ní mo ti tì í. Ó ní kí n lọ tún un wò. Nígbà tí mo padà dé, ó ti gbé atẹ sílẹ̀, ó ní ó rẹ òun díẹ̀, òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí tún gbogbo ilé ìdáná ṣe, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan atẹ náà. Mo ju ata gbígbẹ mélòó kan sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ̀wà náà, mo fi aṣọ bò ó, mo gbé e sórí pẹpẹ. Ìdajì ni a ti ṣà, ìdajì ni a kò tíì ṣà.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, Pásítọ̀ Kúnlé pè mí láti Èkó. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Oǹdó ni, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Dádì, ẹ kú ìrọ́jú sà. Àjọ̀dún ti ń sún mọ́ etílé. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni yóò di ìkòkò mú?"

Ẹ̀yin ará ilé mọ̀ pé Fọlákẹ́ a máa lọ sí Èkó lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n bóyá ni gbogbo yín mọ ohun tí ó ń lọ ṣe. Ìjọ kan wà ní Àgídìngbì, lẹ́bàá Ìkẹjà. Fọlákẹ́ wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ nígbà tí a ń gbé ibẹ̀, tí mo ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí òun sì ń di bísíkíìtì ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan. Ẹ̀wà ni wọ́n fi ń ṣe àjọ̀dún ìdásílẹ̀ ìjọ náà, ilé wa ló sì ń se ìkòkò àkọ́kọ́. Ìkòkò wà lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún; ọmọrogùn tí a fi ń rò ó wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín ní Adó-Èkìtì. Ilé tí ọmọrogùn bá wà ni yóò máa se ẹ̀wà náà. Bí ilé kan bá fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, wọn kì í rán ẹlòmíràn. Ẹni náà yóò gbé ọmọrogùn wá fúnra rẹ̀, láti ọjọ́ náà sì ni ilé rẹ̀ kò ti sí nídìí ìkòkò mọ́.

Mo sọ fún Pásítọ̀ pé mo ń gbé e bọ̀. N kò mọ ẹ̀wà í sè. N kò sì fẹ́ kí wọ́n máa pe orúkọ rẹ̀ lọ́dọọdún kí n máa dìde dípò rẹ̀. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán.

Ọjọ́ Sátidé ni mo gbéra. Àwọn àkùkọ Òkè-Ìlá, àdúgbò wa ní Adó, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn. Mo ti fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé ọmọrogùn náà, mo fi okùn dì í. Ó gùn ju apá mi lọ, orí rẹ̀ ti dúdú, ibi tí ọwọ́ máa ń dì mú lára rẹ̀ sì ti jẹ wọnú díẹ̀. Ní ibùdókọ̀, owó ọkọ̀ dé Èkó jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà; ẹni tó bá fẹ́ jókòó níwájú yóò fi ẹgbẹ̀rún kan lé e. Mo fi lé e nítorí orúnkún mi.

Awakọ̀ wa, ọmọ Ìjerò kan tó ń jẹ́ Táyé, wo ẹrù ọwọ́ mi. "Bàbá, ṣé kì í ṣe ìbọn nìyẹn?"

"Ọmọrogùn ni."

"Ọmọrogùn kẹ̀? Wọn ò ní ọmọrogùn ní Èkó ni?"

Obìnrin kan láti ẹ̀yìn dá a lóhùn. "Fi bàbá sílẹ̀ jàre, wa ọkọ̀ rẹ. Ó lè jẹ́ ìyàwó wọn ló rán wọn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò rò pé irọ́ ni.

Láti Adó dé Ìgẹ̀dẹ̀, ọ̀nà dára. Lẹ́yìn Aràmọ̀kọ ni kòtò pọ̀, Táyé ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́. Kùrukùru bo àwọn òkè ìhà Ẹ̀fọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé wọ́n ti kó wọn lọ. A ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà sísè ní Ìtawùrẹ́. A kọjá Iléṣà, a kọjá Ifẹ̀. Ní Àsejirẹ́, kí a tó wọ Ìbàdàn, àwọn obìnrin na ẹja tútù sókè lẹ́bàá títì. Nígbà tí a bá ń ti Èkó bọ̀ wálé láyé ọjọ́sí, Fọlákẹ́ a máa ní kí awakọ̀ dúró níbẹ̀. Yóò ná ẹja náà, yóò tún un ná, kò sì ní í rà á. Táyé kò dúró. Láti Ìbàdàn, títì márosẹ̀ ti dán ju ti ìgbà tiwa lọ, oorun sì gbé mi. Nígbà tí mo jí, a ti dé Bẹ́gà, oòrùn ti kọjá àtàrí.

Níbẹ̀ mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Màrúwá. A gba ẹ̀gbẹ́ Ọmọ́lẹ́ kọjá, níbi tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ti ní géètì tirẹ̀, tí ẹ̀ṣọ́ á sì béèrè ilé tí o fẹ́ lọ. Nílé wa, ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ fẹ́ sìn ọ́ débẹ̀ ni. Ní Ọmọ́lẹ́, ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun dá ọ padà ni. Ìkíni wọn náà yàtọ̀: ní Èkìtì a óò dúró, a óò béèrè ilé, a óò béèrè ọmọ, a óò béèrè oko; ní Èkó, ẹni tó kí ọ "Ẹ káàsán sà" ti kọjá lọ kí o tó rí ẹnu fi dáhùn.

Tẹ́lẹ̀, kí ojú rẹ tó rí Àgídìngbì ni imú rẹ yóò ti mọ̀ ọ́n. Òórùn bísíkíìtì ni, ṣúgà tó ń jó díẹ̀ àti bọ́tà. Ó máa ń wà lára aṣọ ìyàwó mi, ó wà lára ìrọ̀rí wa. Òórùn náà kò sí mọ́. Ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì ti kógbá sílé, wọ́n sì ti pín ọgbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ògiri gíga. Ìró ẹ̀rọ wọn máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé sí ọ lára. Àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde, àwọn mìíràn ń wọlé. Mo rántí bí mo ṣe máa ń mọ aago láti ibi tí àwọn ènìyàn dojú kọ ní ọ̀nà yẹn.

Pásítọ̀ Kúnlé pàdé mi lẹ́nu géètì, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun, eruku bá a. Ó mú mi wo gbọ̀ngàn ìjọ. Ibi tí ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì ń kó ṣúgà pamọ́ sí tẹ́lẹ̀ ni. Ó ní àwọn àgbà sọ fún òun pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó débẹ̀, ilẹ̀ ilé náà ti mu ṣúgà yó. Bí wọ́n bá ti kúnlẹ̀ àdúrà, èèrà á gùn wọ́n lẹ́sẹ̀. Ọdún yẹn ni ìjọ náà dẹ́kun gbígbàdúrà gígùn.

Mo wo ògiri, mo wo òrùlé. Mo béèrè ibi tí agogo wà.

"A ò ní agogo, sà," ni Pásítọ̀ wí. "A kì í sì í lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí oòrùn tó gòkè. Ìyá Ràfíù ló fi òfin yẹn lélẹ̀, a ò sì lè yí i."

"Ṣé ọmọ ìjọ ni Ìyá Ràfíù?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Dádì, ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn dá yín lóhùn."

Mo mọ Ìyá Ràfíù dáadáa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Mùsùlùmí òdodo, ó ti lọ sí Mẹ́kà. Ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé, tó ń jó irin, ló kọ́ ilé tí a háyà yàrá nínú rẹ̀, ilé náà sì kọjú sí ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì. Ìyá Ràfíù, tí a ń pè ní Alhájà, ti darúgbó, ṣùgbọ́n orí àga kan náà ló ṣì ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé náà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Ọkọ Fọlákẹ́," ni ó wí. "Ẹ ti gbẹ."

"Mo ń jẹun, Alhájà."

"Kí lẹ ń jẹ?"

"Búrẹ́dì."

"Ẹ rí i, mo ní ẹ ti gbẹ."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ bí ìjọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi. Lóòótọ́ mo ń gbé ilé náà nígbà náà, ṣùgbọ́n ọmọ Áńgílíkà ni mí. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì tèmi ni mo máa ń lọ. Bí mo bá ń bọ̀, ẹ̀wà ti jinná, mo máa ń jẹ tèmi, mo sì máa ń bá Fọlákẹ́ gbé àwo wọlé. N kò béèrè ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí n tó dé.

Alhájà ní ìgbà ọyẹ́ ni. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ òru jáde ní ìdájí Ọjọ́ Ìsinmi, kò sí ọkọ̀. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Oǹdó tí wọ́n jọ ń di bísíkíìtì tò sẹ́yìn ògiri òun, wọ́n ń gbọ̀n. Òun ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ nígbà tí òun gbọ́ tí wọ́n rọra ń kọrin, kí wọ́n má baà jí àwọn ayálégbé. Òun ní kí wọ́n wọlé. Fọlákẹ́ sì béèrè bóyá òun ní ìkòkò.

"Mo ní ìkòkò. Ìkòkò tí a fi ṣe ìsọmọlórúkọ Ràfíù ni. Mo ní kó dá a padà lọ́la." Ó gbọn orí. "Títí di òní."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀wà?"

"Ebi ń pa wọ́n, ẹ̀wà ló wà nílé. Bí wọ́n ṣe ń ṣà á ni ọ̀kan nínú wọn, ẹni tó ń fi epo sí ẹ̀rọ, ń ka Bíbélì fún wọn. Òun náà ni wọ́n wá fi ṣe Pásítọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn náà. Kí ẹ̀wà tó jinná, ìsìn ti parí. Ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n tún wá, àwọn tó ń ṣe ọṣẹ wá, àwọn tó ń ṣe ike wá. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí ìlù, kò gbọdọ̀ sí agogo. Àwọn tó ń sùn nínú yàrá mi, òru ni àwọn náà fi ṣiṣẹ́."

"Ẹ̀yin náà máa ń bá wọn ṣà á?"

"Kí ló dé tí n kò ní í ṣà á? Èmi ọmọ ìjọ ẹ̀wà ni. N kì í ṣe ọmọ ìjọ àdúrà."

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan gbé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Agége, wọ́n ra ìkòkò tiwọn níbẹ̀. Àwọn tó kó lọ sí Ògbà náà ra tiwọn. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í pe àwọn ìjọ wọ̀nyí ní ẹ̀ka. Ìkòkò Agége ni wọ́n ń pè é, Ìkòkò Ògbà. Mo ti ka ìwé púpọ̀ nípa bí ìjọ Ọlọ́run ṣe tàn kálẹ̀, n kò tíì rí èyí tó gba orí iná tàn bẹ́ẹ̀.

Ilé Pásítọ̀ ni mo sùn. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, mo gbé ọmọrogùn mi, a jọ lọ sí gbọ̀ngàn. Lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin kan ń bu ẹ̀wà ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan sínú àwo pẹrẹsẹ fún ẹni tó bá ń wọlé. Nílé wa, bí àlejò bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, a óò ní kó dìde, a óò pàtẹ́wọ́ fún un, ojú á sì tì í. Ní Àgídìngbì, wọ́n á fún un ní ẹ̀wà. Bó bá ti ṣà á, ọmọ ìjọ ni. Ẹnikẹ́ni kì í tún béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé wọ́n mọ̀ mí, mo kọjá láìgbà.

Ìsìn bẹ̀rẹ̀. Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, n kò gbọ́ irú ìró yẹn rí: orin jẹ́jẹ́, àti lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀wà tó ń yí nínú àwo, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Àwọn ọkùnrin tí epo ẹ̀rọ ṣì wà ní èékánná wọn ń ṣa ẹ̀wà pẹ̀lú ojú oorun. Alhájà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, ó ń ṣa tirẹ̀.

Lẹ́yìn orin kejì, Pásítọ̀ pè mí síwájú. Sístà Bùkọ́lá, tí yóò gba ìkòkò náà, dìde. Ó jẹ́ ọmọ bí ogójì ọdún, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì dúró tì í, wọ́n ti múra sílẹ̀. Mo tú okùn, mo yọ ọmọrogùn nínú ìwé ìròyìn. Àwọn àgbà obìnrin mélòó kan rí i, wọ́n mí kanlẹ̀.

Ẹni tó ni ìkòkò ló máa ń béèrè ọ̀rọ̀, ìyẹn Alhájà. Ó béèrè láti ẹnu ọ̀nà. "Ta ló ń jọ̀wọ́ ìkòkò?"

"Èmi ni, lórúkọ ilé mi."

"Ṣé ẹ bá wa ṣa ẹ̀wà?"

Pásítọ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò sí ẹni tó ń ronú kó tó dáhùn ìbéèrè yẹn. "Mo bá yín ṣà á" ni gbogbo ènìyàn ń wí. Mo la ẹnu láti wí i, mo sì rí i pé n kò lè wí i. Mo jẹ ẹ̀wà yẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Mo gbé àwo, mo pọn omi. N kò ṣà á rí.

"Rárá, Alhájà. N kò ṣà á rí."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bàbá kan ní, "Tíṣà, ẹ ò kúkú tíì wọlé, báwo lẹ ṣe fẹ́ jáde?"

"Ẹ fún wọn ní àwo," ni Alhájà wí.

Bùkọ́lá ló gbé e wá. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, ọmọrogùn wà ní ẹsẹ̀ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà. Mo wọ awò ojú mi. Èyí tó bá dúdú mo jù ú nù, èyí tó bá ń dán mo tọ́jú rẹ̀. Bùkọ́lá na ọrùn wo ọwọ́ mi.

"Dádì, ẹ má bínú sà. Ẹ̀wà lẹ ń dà nù o. Òkúta lẹ ń tọ́jú."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà ìsìnkú. Alhájà ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò níí rí i bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn jù. Fọlákẹ́ kì í wo atẹ. Ojú ọ̀nà ló máa ń wò, láti mọ ẹni tó ń bọ̀ tí kò tíì jẹun. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣà á."

Mo rántí pé lóòótọ́, ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, kò wo atẹ. Èmi ló ń wò.

Nígbà tí mo ṣà á tán, mo gbé ọmọrogùn dìde, mo na án sí Bùkọ́lá. Ó wo Alhájà kó tó gbà á.

"Ẹni tó wọlé lónìí kì í jáde lónìí," ni Alhájà wí. "A ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ Fọlákẹ́, ẹ gbé e padà sílé. Bó bá di àjọ̀dún tí ẹ ṣì fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ ti di ọmọ ìjọ, ẹ lè ṣe bó ṣe wù yín."

"Alhájà, n kò mọ̀ ọ́n sè."

"Ṣé àwa là ń jẹ búrẹ́dì? Ẹ óò kọ́ ọ."

Bùkọ́lá fi ìwé ìròyìn wé ọmọrogùn náà fún mi, ó fi okùn dì í dáadáa ju bí mo ṣe dì í lọ. "Ẹ gbé e lọ, Dádì. N kò kánjú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá se òkúta fún wa, n óò gbà á lọ́wọ́ yín."

Ní ọjọ́ Ajé, mo wọ ọkọ̀ ní Bẹ́gà. Awakọ̀ mìíràn ni, kò bi mí léèrè nǹkan kan. Ní Àsejirẹ́, mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Mo ná ẹja, mo tún un ná. Obìnrin náà ní bí n kò bá fẹ́ rà á, kí n má da ọjà òun rú. Mo rà á. Ó ṣeé ṣe kí n ti rà á ní ọ̀wọ́n.

Mo lọ sí Èkó láti lọ parí nǹkan kan. Ohun tí mo kọ́ ni pé n kò tíì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rí.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí mo wọlé. Mo gbé ọmọrogùn kọ́ sí àyè rẹ̀, mo gbé atẹ kúrò lórí pẹpẹ, mo ṣí aṣọ, mo yọ ata gbígbẹ kúrò. Mo gbé àpótí rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo jókòó, mo kọjú sí ojú ọ̀nà. Mo ṣa ìdajì tó kù. Ó pẹ́. Nígbà tí mo ṣà á tán, mo da tèmi pọ̀ mọ́ tirẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e kaná. Mo fi àlùbọ́sà sí i, mo fi epo sí i, iyọ̀ pọ̀ jù díẹ̀. Mo bù ú sí àwo, mo jẹ ẹ́. Òkúta kan péré ni mo bá pàdé. Mo tu ú sọ́wọ́, mo gbé e sí etí àwo, mo sì ń bá oúnjẹ mi lọ.